Ẹsẹ̀ Tí Abdulwahab Gbẹ́

Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mọ Abdulwahab Lágúnjú ní Òkè-Ogbó. Káfíńtà ni. Ẹni tó bá kọ́lé ní àdúgbò náà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í ké, kì í sì í há nígbà òjò. Á ní kí onílé tì í, kó tún ṣí i níṣojú òun, kí òun tó kó irinṣẹ́ òun nílẹ̀. "Tó bá há, ẹ wá bú mi níwájú ìyàwó mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ní àtọ̀gbẹ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù, tí wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, tí wọ́n sì ní kó máa wá kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn náà, ó ń lò ó nígbà tó bá rántí. Àyẹ̀wò ni kì í ráyè lọ. Ara rẹ̀ le, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́, kò rí ohun tó fẹ́ lọ jókòó ṣe lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣàkíyèsí ni pé láti bí ọdún méjì, tó bá ń rìn, ó ń ṣe é bí ẹni pé orí òwú ló ń tẹ̀. Ìgbà míì wà tí sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí á ti rìn síwájú díẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ní àgbà ló ń dé.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1994, ó ń gbé ilẹ̀kùn kọ́ sí ilé tuntun kan. Pákó tó ní ìṣó lára wà káàkiri ilẹ̀. Ó kírun ọ̀sán níbẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó sì bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí àkókò ìrun àlásàrì tó, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó fa kẹ́tù àlùwàlá mọ́ra, ó bọ́ bàtà. Omi tó dà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣàn lọ lórí sìmẹ́ńtì, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó rò pé ayùn ti ge òun. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́. Ìgbà tó yí bàtà náà wò ló tó rí ìṣó kan tó gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, gígùn rẹ̀ tó oríkèé ìka kan. Abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló wọ̀ sí. Láti ọ̀sán ló ti ń tẹ ìṣó yìí mọ́lẹ̀, tó ń gun àkàbà, tó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì mọ̀.

Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. "Alihamudulilai," ló wí, "kò dùn mí rárá."

Nígbà tó ń darí lọ sílé, ó ya ilé olóògùn kan, ó ra kápúsù pupa òun yẹ́lò. Ó tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò, ó fi aṣọ dì í, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń ṣe àlùwàlá fún ìrun, ṣùgbọ́n orí ìbọ̀sẹ̀ ló kàn ń fi omi pa, kì í tú aṣọ náà wò. Ohun tí kò bá ti dun èèyàn, ta ni yóò máa yí i wò?

Ìyàwó rẹ̀, Hàjàrá, ọṣẹ dúdú ló ń sè tà. Obìnrin tó ń fi imú mọ̀ bóyá eérú jinná tàbí kò jinná, kò sí òórùn tó lè pamọ́ fún un. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní òun ń gbọ́ òórùn òkú eku nínú yàrá. Ó gbé àpótí kúrò, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ẹní síta, ó fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Kò rí eku. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òórùn náà ṣì wà. Abdulwahab jókòó lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀kọ, Hàjàrá sì ń ti igun kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fa imú. Bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dúró.

"Bàbá Mojíre, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn."

"Kí ló dé? Òtútù ń mú mi."

"Nínú ooru yìí? Ẹ bọ́ ọ."

"Hàjàrá, jẹ́ kí n jẹun."

Hàjàrá sún àwo ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kúrò, ó sì tú aṣọ. Àtàǹpàkò ti dúdú bí èédú. Ìka tó tẹ̀ lé e ti ń dúdú lọ, ó sì ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Hàjàrá fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Kò dùn mí ni," Abdulwahab fèsì. Bí ọmọdé ni ohùn rẹ̀ rí. "Hàjàrá, bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ mi yìí, kò dùn mí."

Wọn kò jẹ ẹ̀kọ náà tán. Hàjàrá wá takisí, ó di ẹrù, àwọn méjèèjì sì gba ọsibítù ńlá lọ.

Dókítà tó gbà wọ́n, Adésọjí lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó ti lọ sókè kọjá ibi tó yẹ kí èèyàn ṣì máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Lẹ́yìn náà ni dókítà fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ dijú yín. Ibikíbi tí mo bá fọwọ́ kàn lẹ́sẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi."

Abdulwahab dijú. Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ná."

"Mo ti ṣe é tán, Bàbá. Ibi mẹ́wàá ni mo kàn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan."

Nígbà náà ni àyà rẹ̀ tó já. Dókítà ṣàlàyé pé ṣúgà tó ti pọ̀ jù lára fún ọdún púpọ̀ ló pa iṣan tí èèyàn fi ń mọ ìrora, òun náà ló sì dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀. Egbò kò lè jinná níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Wọ́n ti ya fọ́tò egungun rẹ̀, ìdíbàjẹ́ náà ti wọ inú egungun, ó sì ń gòkè.

"Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ tí ìṣó gún yín ni, bóyá ká kàn fọ ọ́, ká fún yín ní oògùn. Báyìí, a máa gé e nísàlẹ̀ orúnkún."

"Gé kí ni?"

"Ẹsẹ̀, Bàbá. Tí a ò bá gé e, ó máa pa yín, kò sì ní pẹ́."

Abdulwahab ní rárá. Káfíńtà wo ló máa ń fi ẹsẹ̀ kan gun òrùlé? Hàjàrá bẹ̀ ẹ́, ó kọ etí dídi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àtàndá, tí í ṣe olórí agbo ilé wọn, dé pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí méjì. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Wọn ò gé ẹnì kankan lẹ́sẹ̀ rí nílé Lágúnjú. Odidi ni bàbá wa wọ ilẹ̀ lọ. Dìde, mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lábúlé, ewé ló máa ń lò, ó ti wo èyí tó ju èyí lọ sàn. Mọ́tò wà nísàlẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá," Hàjàrá wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti dókítà."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ lo bí i?"

Abdulwahab ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà lókèèrè, nítorí ibà ti mú un, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Ó ti fẹ́ gbà. Ó tilẹ̀ ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ni òórùn náà kọlu òun fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òórùn òkú eku lójú tirẹ̀. Òórùn igi tó ti rà ni, ìdí férémù ilẹ̀kùn tí omi ti ń mu fún ọ̀pọ̀ òjò. Kò mọye irú rẹ̀ tó ti tún ṣe. Onílé á ní kó kàn kun ún, kó fi ìyẹ̀fun igi dí i. Kì í gbà. Á fi ṣóńṣó ayùn gún un láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí yóò fi kan ibi tó le, ibẹ̀ ni yóò sì ti gé e. Èyí tó bá fi sílẹ̀ tó ṣì rà, òun náà ni yóò jẹ ìyókù.

Ó ní kí wọ́n pe dókítà.

"Dókítà, ibo ni ibi tó ṣì le wà?"

Adésọjí fi ìka fa ìlà kan sí agbede-méjì ojúgun rẹ̀. "Ibí yìí. Lónìí o. Lọ́la, mi ò mọ̀."

"Ẹ gé e níbẹ̀."

"Abdulwahab!" Àtàndá pariwo.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, mo ti máa ń ṣe é láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lèyí. Tí mo bá bá yín lọ sábúlé, òkú mi lẹ máa gbé bọ̀, odidi náà lẹ sì máa sin. Kí ni màá fi odidi ṣe nínú ilẹ̀?" Ó yí sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ gbé ìwé wá."

Nọ́ọ̀sì ní kí ìbátan rẹ̀ kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Àtàndá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó wo ojú fèrèsé. Hàjàrá gba bírò. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ rẹ̀ kọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba lábẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé àtàǹpàkò òun ń yún òun. Hàjàrá rò pé oògùn oorun ló ń dà á láàmú. Àmọ́ òtítọ́ ni. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìṣó lára nígbà tó wà, ó wá ń yún, ó ń jó, ìka rẹ̀ ń ká mọ́ra wọn, ìgbà tí kò sí mọ́. Abdulwahab na ọwọ́ wá a, bẹ́ẹ̀dì lásán ló bá. Nígbà náà ló sunkún. Hàjàrá di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, kò ní kó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Nínú ẹ̀sìn wọn, wọn kì í da ẹ̀yà ara èèyàn nù, wọ́n máa ń sin ín ni. Hàjàrá ń rò ó pé ta ni òun yóò bẹ̀, nígbà tí Àtàndá wọlé ní òun nìkan. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé e fún òun. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e. Ó gbé e sí apá méjèèjì bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tuntun, ó sì jáde. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó padà, erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Mo ti sin ín. Ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ni mo gbé e sí."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá."

"Àáfà ní kí n sọ fún ọ pé ibi tó kù ni kí o máa fọ̀ fún àlùwàlá, kí o sì máa kírun lórí ìjókòó." Ó wo apá rẹ̀ méjèèjì. "Ó fúyẹ́, Abdulwahab. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn fúyẹ́ tó yẹn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Hàjàrá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, òun ló sì ń gún un fún un láàárọ̀ lálẹ́. Kò gbọ́dọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́, ẹ̀bà sì ti dín kù. Gbogbo ìyẹn, ó gbà. Ìjókòó ni kò gbà. Àwọn èèyàn ń wá kí i, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bó ṣe wá rí nìyẹn." Tí wọ́n bá ti lọ, á máa wo irinṣẹ́ rẹ̀ lára ògiri.

Ní ọsibítù, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, Oyèlárán ni wọ́n ń pè é. Ó ti wọn kùkùté ẹsẹ̀ Abdulwahab, ó sì ní kó fara balẹ̀, ojú egbò gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò sì tíì dé.

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Bóyá oṣù mẹ́ta. Bóyá oṣù mẹ́jọ."

Abdulwahab padà sílé, ó ronú sí oṣù mẹ́jọ. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé igi arère kan wá, nítorí arère fúyẹ́. Ó jókòó sórí àga, ó fi ìfági àti ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbẹ́ ihò sí orí rẹ̀ tí kùkùté yóò wọ̀, ó fi òwú tẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ojúgun tó rí roboto, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tòun ti gìgísẹ̀, ó sì fi awọ ṣe okùn tí yóò so mọ́ itan. Nígbà tó dì í mọ́ra, tó dìde, Hàjàrá ń bọ̀ láti ìdí ìkòkò ọṣẹ. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró ní ẹnu ọ̀nà láìmú ọ̀pá. Igbá ọwọ́ rẹ̀ já bọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rìn kiri àdúgbò. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó tú okùn awọ, ó sì rí òwú inú ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Awọ ara ti bó ní kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀. Kò dùn ún.

Ó jókòó, ó wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí kò dùn ún ló dẹ́rù bà á. "Hàjàrá!" ló pariwo. "Hàjàrá, wá takisí!"

Ní ọsibítù, Dókítà Adésọjí tí kì í pariwo, ó pariwo. "Bàbá, orúnkún yín lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn! Tí èyí bá bàjẹ́, òkè orúnkún la máa gé!" Ó dá a dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Abdulwahab tẹrí ba, ó ní òun jẹ̀bi.

Hàjàrá ti gbé ẹsẹ̀ igi náà wá nínú báàgì, torí dókítà ní òun fẹ́ rí i. Oyèlárán ló wá wò ó. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i, ó fọwọ́ ra gìgísẹ̀ rẹ̀, ó wo bó ṣe tẹ̀ níwájú.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni," Abdulwahab fèsì. Ó ń retí èébú.

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára. Ó dára ju èyí tí a ń dúró dè lọ. Ihò rẹ̀ ló burú. Ẹ kò lè fi ojú wọn ihò, Bàbá. Ẹran ara kì í ṣe pákó, ó ń wú, ó ń fún, egungun sì wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ kí nǹkan kan ara òun. Tí egbò yín bá jinná, ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù."

Egbò náà jinná, Abdulwahab sì lọ. Oyèlárán fi báńdéèjì tí wọ́n rẹ sínú ẹfun wé kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kó gan, ó bọ́ ọ, ó sì fi ìyẹn ṣe àwòrán ihò tó bá a mu gẹ́lẹ́, tí ìwúwo ara kò fi ní bọ́ sórí ibi kan ṣoṣo. Abdulwahab jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ní tirẹ̀, ó gbẹ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tuntun, ó sì gé táyà mọ́tò sí abẹ́ rẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n tú u tí wọ́n tún un ṣe. Nínú oṣù kẹta ọdún 1995, ó wọ̀ ọ́, ó rìn láti ṣọ́ọ̀bù Oyèlárán dé géètì ọsibítù, ó sì rìn padà. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Kò bó níbì kankan.

"Ẹ bá mi gbẹ́ méjì sí i," Oyèlárán wí. "Àwọn kan wà tó ti ń dúró láti ọdún tó kọjá."

Bó ṣe tún di oníṣẹ́ nìyẹn. Ó ń kan ilẹ̀kùn, àmọ́ kò gun òrùlé mọ́. Ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń gbẹ́. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Hàjàrá á gbé dígí sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì tó kù, àwọn méjèèjì á sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìka kọ̀ọ̀kan. Abdulwahab á ki ọwọ́ bọ inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n rí ibi tó léròrò ní gìgísẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ. Oníbàárà méjì ń dúró dè é lọ́jọ́ náà. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò ní wá, ó sì mú ọ̀nà ọsibítù pọ̀n. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti jinná.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan nínú ọdún 1996, ọjọ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ máa ń pàdé ní ọsibítù, ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ nípa obìnrin kan, Dorcas, tó ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì ní Ẹ̀dúnàbọ̀n. Dókítà ní àwọn máa gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Obìnrin náà ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó sì sá lọ.

"Ìka méjì péré?" Abdulwahab béèrè.

"Méjì péré, Bàbá."

Ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà Ìbàdàn, ó sọ̀ ní Ẹ̀dúnàbọ̀n. Kò pẹ́ tó fi rí i. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó jókòó sídìí iṣu, ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ìró. Abdulwahab kí i, ó sọ ibi tó ti wá. Ojú Dorcas yí padà.

"Ẹ̀yin tí wọ́n ti gé tiyín, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n gé tèmi náà, àbí? Ẹ máa lọ, Bàbá. Àdúrà là ń gbà lé e lórí."

"Èmi náà ń gbàdúrà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Orí ẹsẹ̀ tó ń rà ni mo dúró lé gbà á nígbà yẹn."

"Kò dùn mí!"

"Mo mọ̀," Abdulwahab wí. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ó jókòó sórí àpótí kan tó wà níbẹ̀, ó tú okùn, ó sì bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó gbé kùkùté náà síbi tí obìnrin náà yóò ti rí i. Dorcas gbójú kúrò. Abdulwahab rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìṣó, ìbọ̀sẹ̀, òórùn tí ìyàwó òun ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun fi pa á mọ́ ló gba ẹsẹ̀ òun, kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà. Dorcas dìde. Ó ta iṣu fún oníbàárà kan, ó padà wá jókòó, kò sì wo ojú rẹ̀.

Abdulwahab lọ. Ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Dorcas ní òun ò ráyè. Abdulwahab ní kò burú, ó jókòó ti iṣu títí oòrùn fi wọ̀, ó tilẹ̀ bá a ta díẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó tún dé, ó mú Hàjàrá lọ́wọ́. Hàjàrá kò sọ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti obìnrin náà, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Dorcas wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá na ẹsẹ̀ náà jáde lábẹ́ ìró. Ìka kékeré méjì ló dúdú. Ìyókù ṣì pọ́n dáadáa.

Hàjàrá sún imú mọ́ ọn, ó fa èémí, ó sì wo ọkọ rẹ̀. "Kò tíì gòkè," ló wí. "Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Dorcas sunkún. Ó sunkún dáadáa, ó fi etí ìró nu ojú, ó wá pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun palẹ̀ iṣu mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gé ìka méjì náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń ta iṣu.

Láti ìgbà yẹn, tó bá ti di ọjọ́ Túsìdeè, Abdulwahab á ti dé bẹ́ǹṣì àwọn alátọ̀gbẹ kí dókítà tó dé. Dígí kékeré máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa ti orí bẹ́ǹṣì lọ sísàlẹ̀, á máa ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ rẹ̀." Àwọn kan ń rojọ́, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-Bọ́-Bàtà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń bọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù kọ̀, tíṣà ni wọ́n pè é, ó ní òun kò ní bọ́ bàtà òun láàárín èrò, ó sì fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Abdulwahab kò bá a jà. Ó ní kí ẹni tó wà nítòsí sún díẹ̀, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó gbé dígí lé itan, ó sì ń dúró dè é.